Adéagbo Ṣúmékà, Tí Ojú Èèyàn Kì Í Dúró Lọ́kàn Rẹ̀

Bí èèyàn bá gba Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ lọ sí ọ̀nà yunifásítì láàárọ̀, kó tó dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò sí, yóò rí àtíbàbà kékeré kan tí wọ́n fi páànù bò. Abẹ́ rẹ̀ ni Adéagbo máa ń jókòó sí, abẹ́rẹ́ gígùn lọ́wọ́, bàtà láàárín orúnkún méjèèjì. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í kí. Ó ń kí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń kí alágbàṣe, ó ń kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ sí kíláàsì. "Ẹ ǹlẹ́ o! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Nígbà kan, òyìnbó kan tí kò tíì lò ju wákàtí mẹ́ta lọ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọjá, Adéagbo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó náà dúró, ó yọ fóònù, ó sì fi fọ́tò àwọn ọmọ hàn án.

Nítorí èyí ni gbogbo àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ-ǹlẹ́. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin yìí mà mọ èèyàn o! Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Mayfair."

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé Adéagbo kò dá ẹnì kankan mọ̀ nínú wọn.

Kì í ṣe pé ojú ń dùn ún. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, ó ń rí ojú rẹ, ó ń rí imú, ó ń rí ẹnu, gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí o bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, ó ti dà nù lọ́kàn rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Bí o bá padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àlejò tuntun lo jẹ́. Láyé ọjọ́un, ilà ojú a máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bu àbàjà, ẹni tó kọ pélé, ó lè kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé. Nígbà tí ilà kíkọ wá kásẹ̀ nílẹ̀, tí ojú gbogbo ayé ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ìṣòro rẹ̀ bá le sí i.

Edunabon, ìlú kékeré kan nítòsí Ifẹ̀, ni wọ́n bí i sí. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ìkíni ti rí láàárín wa: ọmọ tí kò kí àgbà, ilé tó ti wá ni wọ́n ń bú. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Lágúnjú, dé láti oko, ó wọ ẹ̀wù kan tí Adéagbo kò rí rí. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó lójú kòrókòró, kò dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ sún kúrò lọ́nà. Bàbá Lágúnjú yà fún un. Ó kọjá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ọmọ rẹ ti di ọ̀gá mi." Ẹgba tí Adéagbo jẹ lọ́jọ́ náà kò ṣeé kà. Bí ó ti ń sunkún, ó ń wí pé, "N kò mọ̀ pé àwọn ni! N kò mọ̀ pé àwọn ni!" Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, tí ẹ jọ ń gbé agbo ilé kan náà?

Ìyá bàbá rẹ̀ nìkan ló pè é sẹ́yìn ilé, tó fi òrí pa ibi tí ẹgba ti là á.

"Adé, gbọ́ mi," ni màmá náà wí. "N kò mọ ohun tó ń ṣe ẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́, o kì í sì í ṣe agbéraga. Láti òní lọ, kí gbogbo èèyàn. Ẹni tí o kò mọ̀ tí o kí, inú rẹ̀ á dùn. Ẹni tí o mọ̀ tí o kò kí, inú ló máa bí i. Èwo ló sàn?"

Bí Adéagbo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ayé nìyẹn.

Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ ní Sábó, lọ́dọ̀ ọkùnrin oníṣẹ́ awọ kan tó ń jẹ́ Abdulrazaq. Mààlámù náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àkíyèsí. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọmọ iṣẹ́ tuntun yìí kì í wo ojú oníbàárà. Bí ẹnìkan bá dé wá gba bàtà, ilẹ̀ ni Adéagbo ń wò, yóò wo ẹsẹ̀ ẹni náà, yóò wo bí ó ṣe dúró, yóò sì nawọ́ mú bàtà rẹ̀ láàárín àádọ́ta. Kò ṣì í mú rí.

"Báwo lo ṣe ń mọ̀?" ni Abdulrazaq bi í.

"Wọ́n ti kọ ara wọn sínú bàtà, ọ̀gá," ni Adéagbo dáhùn. "Ẹni yìí máa ń tẹ ẹ̀gbẹ́ òde. Ẹni yẹn ń wọ́ àtàǹpàkò ọ̀tún nílẹ̀. Obìnrin yìí ń kánjú nígbà gbogbo, iwájú ló ń jẹ, gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì dà bí tuntun."

Abdulrazaq mi orí. Ó ní, "Al-hamdu lillahi. Ọlọ́run kì í ti ilẹ̀kùn kan kó má ṣí òmíràn."

Nínú bàtà náà ló ti rí ìyàwó. Àyọ̀kẹ́ ń ta ìwé àti pẹ́ńsùlù ní Lágere. Okùn sáńdààlì rẹ̀ já lójú ọ̀nà, ó gbé e wá, ó jókòó dúró dè é, ó sì rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí ọlọ́kadà kan sọ. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn, ó gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó wá tú yẹ́kẹ́ bí ìgbà tí àgbàdo ń bú nínú ìkòkò gbígbóná. Adéagbo fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ ara wọn.

Kò sọ fún un. Ojú tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó, Àyọ̀kẹ́ tú irun, ó gé e mọ́lẹ̀, ó sì wọ aṣọ tuntun kan tí àbúrò rẹ̀ rán fún un. Ní Lágere, ní ọ̀sán gangan, ó pàdé ọkọ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀, ó ń retí pé kó yẹ irun òun wò. Adéagbo tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, mà. Ilé ńkọ́?" Ó sì kọjá lọ.

Nígbà tó délé, Àyọ̀kẹ́ kò gbé oúnjẹ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kí mi bí ẹni kí aláìmọ̀rí. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Níbo?"

"Ní Lágere! Èmi ìyàwó yín!"

Adéagbo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì tú ohun tó ti dì mọ́ra láti Edunabon. Àyọ̀kẹ́ gbọ́ ọ tán, kò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ga bákan náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so gèlè funfun, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n dúró ní ìtò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn. Adéagbo lọ, ó bọ̀. Òógùn bò ó. Nígbẹ̀yìn, ó di àbúrò ìyàwó rẹ̀, Adédàmọ́lá, lọ́wọ́ mú. Adédàmọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Àyọ̀kẹ́ bú sẹ́kún.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ fẹ́ mi, kí ni ẹ rí?"

"Ẹ̀rín rẹ ni mo gbọ́."

Àyọ̀kẹ́ tú gèlè funfun náà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ojú ń hunjọ. Ẹ̀rín kì í hunjọ."

Láti ọjọ́ náà ni Àyọ̀kẹ́ ti di ojú fún ọkọ rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, yóò ti yára gbóhùn sókè láti ilé ìdáná, "Bàbá Ẹniolúwa, Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí ló dé o, ẹ wá kí wọn!" Bí wọ́n bá jọ jáde, yóò máa sọ orúkọ sí i létí bí wọ́n ti ń rìn. Ẹniolúwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, mọ̀ ọ́n ṣe kó tó mọ ìwé kà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àwọn àbúrò Àyọ̀kẹ́ méjèèjì pa á mọ́ra fún ohun tó lé ní ogún ọdún, kò ta sí ẹlòmíràn létí. Awódélé pàápàá kò mọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ìsọ̀ símẹ́ńtì ní òdìkejì ọ̀nà, tí òun àti Adéagbo jọ ń ta ayò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Fìlà pupa kan tí Awódélé kì í bọ́ kúrò lórí ni Adéagbo fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ kan ni àṣírí náà tú, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Fàrídà, dúró níwájú àtíbàbà, ó ń dúró de bàtà rẹ̀, àpò kọ̀ǹpútà lọ́rùn. Lójijì ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ láti ẹ̀yìn, ó já àpò náà gbà. Bí ó ti fẹ́ sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ àpótí irinṣẹ́ Adéagbo, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ó gbójú sókè, òun àti Adéagbo wo ara wọn ní ojú kojú, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ. Lẹ́yìn náà ló fò dìde, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Fàrídà kígbe. Àwọn ọlọ́kadà gbá tọ olè lọ. Kò pẹ́, wọ́n fa ọmọkùnrin kan bọ̀, ẹ̀wù dúdú lọ́rùn rẹ̀ bíi ti olè, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ní ètè rẹ̀.

"Èmi kọ́ o!" ni ọmọ náà ń ké. "Tìmílẹ́hìn ni mò ń jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí! Mò ń sáré kí n má pẹ́ dé ibi ìdánwò ni!"

"Àpò dà?" ni ẹnìkan bi í.

"Ó ti jù ú fún ẹgbẹ́ rẹ̀!" ni ẹlòmíràn dáhùn. Láti ẹ̀yìn, ohùn kan ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí epo bẹntiróòlù. Wọ́n bi Fàrídà léèrè, ó ní ẹ̀yìn ló ti wá, òun kò rí ojú rẹ̀.

Awódélé sọdá títì, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Adéagbo rí i. Adéagbo tó mọ gbogbo wa, kì í ṣi èèyàn mọ̀. Bó bá ní òun ni, òun ni. Bó bá ní òun kọ́, òun kọ́."

Wọ́n ti ọmọ náà síwájú àtíbàbà.

Adéagbo wo ojú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó dúró níbẹ̀. Nígbà náà ló wo ilẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe láti Sábó. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì rí i pé ara òun ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Òun kọ́," ló wí.

"Ṣé ẹ rí ojú olè dáadáa?" ni ọlọ́kadà kan pariwo. "Ẹ ò kàn fẹ́ dáàbò bò ó ni?"

Adéagbo dìde dúró.

"Mo rí ojú rẹ̀," ló wí. "Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ojú ẹnikẹ́ni kì í sọ nǹkan kan fún mi. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Gbogbo yín tí mò ń kí láràárọ̀, n kò dá ojú yín mọ̀. Awódélé, bí o bá bọ́ fìlà yẹn, tí o kò sọ̀rọ̀, tí o kò rìn, n kò ní mọ̀ ọ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè pa ẹnu mọ́.

"Ṣùgbọ́n mo mọ ẹsẹ̀," ni Adéagbo ń bá a lọ. "Nígbà tó ṣubú, ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ kọjú sí mi. Ẹ̀gbẹ́ inú ló ti jẹ tán, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀. Ipa rẹ̀ nìyí nínú ẹrẹ̀, ẹ wò ó. Ọmọ, wá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Tìmílẹ́hìn rìn. Awódélé àti ọlọ́kadà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ipa méjèèjì. Ti olè fẹ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún sì fa ìlà gígùn nínú ẹrẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ti Tìmílẹ́hìn tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ òde ló tẹ̀, kò sì sí ìlà kankan níbẹ̀. Ọmọdé pàápàá lè rí i. Ọlọ́kadà náà ló kọ́kọ́ tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyáàfin Ọláyínká, onílé tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, sáré dé láìwọ bàtà, ó ń ké pé kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ náà jáde nílé òun. Ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún lójú títì. Wọ́n rí àpò náà nínú gọ́tà kan lọ́jọ́ kejì, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Wọn kò rí olè náà mú títí di òní.

Adéagbo rò pé wàhálà ti tán. Kò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Inú bí àwọn kan. Obìnrin kan wá gba bàtà rẹ̀ tí kò tíì rí àyè tún ṣe, ó ní, "Ọdún mọ́kànlá tí ẹ ti ń béèrè ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ẹ ò mọ̀ pé n kò bímọ!" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà nínú erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù ni ti Awódélé. Ìrọ̀lẹ́ kan kọjá, èkejì kọjá, ọ̀sẹ̀ kan pé, Awódélé kò sọdá wá ta ayò.

Adéagbo bá sọdá lọ bá a. Ó bá a láàárín àpò símẹ́ńtì, láìdé fìlà.

"Ta ni mí?" ni Awódélé bi í, kò gbójú sókè.

"O ti sọ̀rọ̀ báyìí, mo ti mọ̀ ọ́."

"Ogún ọdún, Adéagbo. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ló ń wò mí. Àṣé fìlà ni."

Adéagbo jókòó lórí àpò kan.

"Bí o bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ nídìí ayò," ló wí, "o kọ́kọ́ máa ń húkọ́ kékeré. Ẹsẹ̀ òsì rẹ ti ń dùn ọ́ láti ọdún tí o jábọ́ lórí àkàsọ̀. O kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ti fi awọ rírọ̀ sínú bàtà òsì rẹ ní ìgbà mẹ́rin, n kò sì sọ fún ọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ kú, tí ò ń sọ fún gbogbo ayé pé ara rẹ le, bàtà kan ṣoṣo lo wọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Gìgísẹ̀ rẹ̀ jẹ láti ẹ̀yìn, nítorí pé o kì í gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́, ńṣe lò ń wọ́ ọ. Mo rí i. Ìdí tí mo fi máa ń ní kí o wá jẹun nílé wa nígbà náà nìyẹn. Ojú rẹ nìkan ni n kò mọ̀, Awódélé."

Awódélé dìde. Ó yí ojú sí ògiri, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu nǹkan kúrò lójú. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọpọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbé e wá. Màá nà ọ́ lónìí."

Ó sì nà án. Ó na Adéagbo ní ìgbà mẹ́ta léraléra, ó húkọ́ títí.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà ní Mayfair. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ti ń súnmọ́ àtíbàbà, wọ́n á ti máa pe orúkọ ara wọn. "Bàbá, èmi Fàrídà ni o!" "Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí ló ń kọjá lọ!" Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ di eré, wọ́n á pe orúkọ ẹlòmíràn kí wọ́n lè ṣì í lọ́nà, Adéagbo á wo bàtà wọn, á sì pe orúkọ gidi.

Fàrídà ló mú ìròyìn wá. Ó ti bi olùkọ́ rẹ̀ kan léèrè ní yunifásítì, ìyẹn sì sọ fún un pé irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé, pé nínú èèyàn àádọ́ta, ó ṣeé ṣe kí a rí ẹnì kan tó ní in dé ìwọ̀n kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé orí àwọn yàtọ̀. "Wọ́n tún ní ó máa ń rìn nínú ẹbí, Bàbá," ni Fàrídà fi kún un.

Adéagbo kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Edunabon. Ìyá rẹ̀, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ó ń pa èkùrọ́. Adéagbo dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá náà kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí Adéagbo parí, ó gbé òkúta sílẹ̀.

"Ta ló wá sọ fún ọ pé èmi ń dá ojú èèyàn mọ̀?" ló wí.

"Ẹ̀yin, Màmá?"

"Òórùn tábà ni mo fi ń mọ bàbá rẹ. Ohùn ni mo fi ń mọ ẹ̀yin ọmọ. Mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé àwọn tó kù kàn yára jù mí lọ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "O kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí mo fà ọ́ lọ́wọ́ kúrò lọ́jà dé ilé. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fún ọ ní ẹ̀kọ mímu. O wá lanu, o ní, 'Ìyá wa dà?' Kì í ṣe ìwọ rárá! Ọmọ ọlọ́mọ ni! Ìwọ wà lọ́jà lọ́dọ̀ ìyá aláta, ò ń jẹ èpà."

"Kí ni bàbá mi wí?"

"Ta ló máa sọ fún un? Mo sáré dá ọmọ padà, mo gbé ọ, mo sì ní ọjà ló pọ̀ tí mo fi pẹ́."

Adéagbo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ na ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹgba ti là á nígbà kan rí.

"Ọjọ́ ti Bàbá Lágúnjú yẹn," ló wí, "ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí ni. Má bínú, ọmọ mi."

"Ó ti tán, Màmá."

Adéagbo fa àpótí kan súnmọ́ ọn, ó gbé òkúta kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pa èkùrọ́. Màmá náà ń sọ fún un nípa bàbá tirẹ̀, ọkùnrin tó máa ń kọrin kí ó tó wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè dáhùn, kó lè gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn sí Ifẹ̀ fọn fèrè lójú títì, Adéagbo kò dìde. Ó pe Àyọ̀kẹ́ lórí fóònù, ó ní kó má retí òun lónìí, òun àti màmá kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì.